Ẹ Má Fi Èyí Tó Lókìkí Jù Bẹ̀rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Pọ́díkáàsì Eré Orí Tábìlì

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Àwọn ọ̀dọ́ láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Kogi, tó ń bi mí léèrè pọ́díkáàsì eré orí tábìlì (ìyẹn ètò tí à ń gbọ́ lórí fóònù, tí àwọn ènìyàn ti ń fi ẹnu àti dáìsì ṣe eré ìtàn), orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fẹ́ gbà lẹ́nu mi. Bí mi ò bá tètè dáhùn, wọ́n á béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn á sì dá wọn lóhùn pé Critical Role ni. Wọ́n á tan apá kìíní, wọ́n á rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta, wọ́n á gbọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ò ní yé wọn, wọ́n á pa á. Ó di pé eré òyìnbó ni, kò kan tiwa.

Mi ò ní sọ pé Critical Role kò dára. Ó dára gan-an. Àwọn tó ń ṣe é jẹ́ òṣèré tó ń fi ohùn ṣiṣẹ́ nínú kàtúùnù àti géèmù, Matthew Mercer tó sì darí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lè fi ẹnu kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ bí ọba, bí alágbẹ̀dẹ, bí ìyá arúgbó, láìsinmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2015, wọ́n ti ń ṣeré náà nínú ilé láti 2012. Apá kìíní tí ayé gbọ́ kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn rárá. Àwọn ẹ̀dá-ìtàn ti mọra, wọ́n ti jà, wọ́n ti parí ìjà, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ẹ jẹ́ kó dúró ná, ẹ ó padà wá bá a.

Fún ẹni tí kò rí eré yìí rí: kò sí pátákó tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wá bó ṣe máa na ẹnì kejì. Ẹnì kan ni adarí eré. Òun ló ń sọ ohun tó wà níwájú yín, òun ló ń ṣe ọ̀tá, òun náà ló ń ṣe olóúnjẹ tí ẹ yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú àwọn yòókù, oníkálukú ló ni ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ lọ́wọ́. Bí apàlọ́ bá dé ibi tí Ìjàpá dúró létí odò, tó wá dákẹ́, tó kọjú sí àwọn ọmọ tó ń gbe orin fún un, tó ní "Kí lẹ ó ṣe?", tí ìtàn sì gba ibi tí wọ́n bá mú un gbà, ohun tí à ń wí nìyẹn. Ohun tí àlọ́ kò ní ni dáìsì. Ká ní ẹ̀dá-ìtàn yín jẹ́ ọdẹ nínú igbó Bùnú, tó fẹ́ gun àpáta tó ń yọ̀. Nínú Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní, adarí eré lè ní 15 lẹ gbọ́dọ̀ dé. Ẹ ó ju dáìsì olójú ogún, ẹ ó fi agbára ọdẹ yín kún un, ká sọ pé 3 ni. Bí 12 bá jáde, ọdẹ ti gùn ún. Bí 11 bá jáde, ẹ máa múra sílẹ̀ de ohun tí adarí eré fẹ́ sọ.

Pọ́díkáàsì tó dá lórí eré yìí kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó pọ̀ jù ni ti àwọn tó jókòó ṣeré, tí ẹ̀rọ sì gba ohùn wọn. Actual play lorúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì yẹn gan-an ni kí ẹ sì tẹ̀ bí ẹ bá ń wá a, pẹ̀lú orúkọ eré tí ẹ fẹ́. Òmíràn ni ti àwọn tó ń jíròrò. Kenneth Hite àti Robin D. Laws, tí àwọn méjèèjì ń ṣe irú eré yìí jáde fún títà, ti ń bá Ken and Robin Talk About Stuff bọ̀ láti 2012, wọ́n á sọ̀rọ̀ eré, wọ́n á sọ ìtàn àtijọ́, wọ́n á tún yà sórí oúnjẹ. The Good Friends of Jackson Elias wà fún ẹni tó fẹ́ràn ìtàn abàmì. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé bí a ṣe ń dá ẹ̀dá-ìtàn sílẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni, bíi Character Creation Cast. Gbogbo wọn ló wúlò, àmọ́ ẹni tí kò tíì gbọ́ eré kankan dé òpin kò ní rí nǹkan kan dì mú lọ́dọ̀ àwọn oníjíròrò.

Níbo wá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀? Bí ẹ kò bá ní sùúrù, One Shot ni. James D'Amato ló dá a sílẹ̀ ní 2013, eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, apá mélòó kan sì ti tó láti parí ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kan tó fún yín láti gbọ́ ìtàn kan tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ó sì tètè rí i pé Dungeons & Dragons nìkan kọ́ ló wà láyé. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ fún àwọn tó bá wá sídìí eré tí mò ń darí.

Bí ẹ bá ní sùúrù, ẹ lọ sọ́dọ̀ The Adventure Zone. Clint McElroy àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, Justin, Travis àti Griffin, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2014. Griffin ló ń darí, bàbá rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ nínú eré, èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín títí di òní. Ìtàn àkọ́kọ́ wọn, Balance, jẹ́ apá 69, ó parí ní 2017. Ohun tó mú kó dára fún ẹni tuntun ni pé wọn kò tíì mọ eré náà dáadáa nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń bi ara wọn pé dáìsì wo ni ká jù, ẹ̀yin náà á sì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú wọn. Ìtàn Lost Mine of Phandelver, tó wà nínú páálí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń kọ́ Dungeons & Dragons, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé Griffin pa ìwé tì. Àwọn apá ìbẹ̀rẹ̀ kún fún yẹ̀yẹ́ ju ìtàn lọ. Ẹ fara dà á, ìtàn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹni tó bá ń wá ibi tí aláwọ̀ dúdú ti ń sọ tiwọn, Three Black Halflings wà fún ìjíròrò. Into the Mother Lands tí Tanya DePass kó àwọn ènìyàn jọ fún ní 2021 sì wà fún eré fúnra rẹ̀. Orí fídíò ni ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dá lórí àwọn ará Mali ayé Mansa Musa tí wọ́n bá ara wọn nínú ayé mìíràn.

Lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ yìí, ẹ má fi ìràwọ̀ inú áàpù ṣe atọ́nà. Ẹni tó ti gbajúmọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé síwájú. Orúkọ adarí eré ni kí ẹ máa tọ̀. Bí ọwọ́ Brennan Lee Mulligan bá wù yín nínú Dimension 20, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ẹ ó bá a nínú Exandria Unlimited: Calamity ti 2022, apá mẹ́rin péré, lẹ́yìn náà nínú Worlds Beyond Number láti 2023. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti pàdé Aabria Iyengar, òun náà ń darí eré níbòmíràn, ọ̀nà sì ti là fún yín nìyẹn. Àmì ẹ̀yẹ ENNIE fún irú eré yìí tún wà, tí wọ́n ń fúnni níbi Gen Con, àpéjọ àwọn tó fẹ́ràn eré orí tábìlì, ní Indianapolis. Wọ́n máa ń yan pọ́díkáàsì síbẹ̀, ẹ sì máa wo gbogbo àwọn tí wọ́n yàn, kì í ṣe ẹni tó gbà á nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ mi díẹ̀, nítorí gbígba ohùn àti títún un ṣe ni mo fi ń jẹun. Kí ẹ tó fi wákàtí sórí pọ́díkáàsì tuntun, ẹ tan apá kan láti àárín, kì í ṣe ti àkọ́kọ́, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ò ní máíkì tó dára nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ kò bá lè dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ̀ lára ẹnì kejì, ẹ fi í sílẹ̀, bí ìtàn rẹ̀ ti wù kó dùn tó. Ènìyàn márùn-ún yí máíkì kan ká nínú yàrá tó ń dún padà, etí kankan kì í pẹ́ níbẹ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àwọn kan máa ń pín ohùn àwọn tó ń ṣeré sí etí ọ̀tún àti etí òsì. Bí ẹ bá fi íàpíìsì ẹyọ kan sétí, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe kí a lè gbọ́ ẹni tó ń pè wá, ohùn àwọn kan á jìnnà réré, bí ẹni pé ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n wà. Ẹ lọ sínú ètò fóònù Android yín, níbi Accessibility, kí ẹ tan Mono audio. Gbogbo ohùn á wọ etí kan náà.

Ẹ má tijú láti dín bí wọ́n ṣe ń yára sọ̀rọ̀ kù nínú áàpù. Àwọn tó ń gbọ́ pọ́díkáàsì púpọ̀ máa ń sọ pé kí a mú un yára. Èmi ní kí ẹ mú un wá sí 0.8 fún apá mélòó kan, títí etí yín á fi mọ ohùn wọn. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe ohun kékeré.

Nǹkan tó ń da àwọn olùgbọ́ tuntun láàmú jù ni nọ́ńbà, nítorí kò sí eré méjì tó ń kà á bákan náà. Nínú Dungeons & Dragons, nọ́ńbà ńlá ló dára. Bí ẹ bá gbọ́ tí gbogbo yàrá pariwo "natural twenty", ogún gan-an ló jáde lórí dáìsì. Bí adarí bá sì ní kí wọ́n "roll initiative", ìjà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ ni. Ẹ wá bọ́ sínú Call of Cthulhu, eré ìtàn abàmì tí ilé-iṣẹ́ Chaosium gbé jáde ní 1981, ẹ ó gbọ́ 07 tí wọ́n ń hó ìhó ayọ̀. Níbẹ̀, láti 1 dé 100 ni wọ́n ń jù, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kọjá iye tí wọ́n kọ síwájú ohun tí ẹ̀dá-ìtàn mọ̀ ọ́n ṣe. Ti Apocalypse World, tí Vincent àti Meguey Baker ṣe ní 2010, tún yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pọ̀ eré tó jáde lára rẹ̀: dáìsì olójú mẹ́fà méjì, 10 sókè ni pé ohun tí ẹ ń wá bọ́ sí i pátápátá, 7 sí 9 ni pé ẹ rí i ṣùgbọ́n ẹ ó san nǹkan kan. Èmi fẹ́ràn 7 sí 9 yìí ju ogún lọ, níbẹ̀ ni ìtàn ti ń gbóná. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ eré nínú àlàyé tó wà lábẹ́ apá kí ẹ tó gbọ́ ọ.

Ní ti dátà, ìṣirò rẹ̀ kò le. Ohùn tí wọ́n fi kílóbíìtì 128 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan pamọ́ ń jẹ nǹkan bíi MB 58 ní wákàtí kan, ti 64 sì ń jẹ ìdajì rẹ̀. Apá wákàtí mẹ́rin lè tó MB 230. Ẹ má gbọ́ ọ lójú ọ̀nà Kàbbà sí Mopa láìtíì dáńlóòdù rẹ̀, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá tó tún ń lọ. Ẹ dáńlóòdù lóru, bí dátà òru bá wà lórí síìmù yín, kí ẹ tó gba oko lọ láàárọ̀. Ẹni tó ń ṣa kajú láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, etí rẹ̀ ṣófo. Áàpù AntennaPod ni mo fi ń gbọ́ pọ́díkáàsì: ọ̀fẹ́ ni, kò ní ìpolówó tirẹ̀, kì í béèrè orúkọ yín, ó sì lè máa pa apá tí ẹ ti gbọ́ tán rẹ́ kí fóònù má baà kún. Bí ẹnì kan bá ṣì ń kọ́ yín ní Google Podcasts, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, wọ́n ti pa á ní 2024.

Àwọn òbí á béèrè. Lágbègbè wa tí ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ tó yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè pé kí ni àwọn ọmọ ń fi dírágónì àti ẹ̀mí èṣù ṣe. Àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà béèrè bẹ́ẹ̀ láàárín 1980 sí 1990, ariwo náà sì pọ̀ gan-an. Èsì mi ni pé kí ẹ̀yin òbí fúnra yín gbọ́ apá kan. Ẹ ó rí i pé èébú ló yẹ kó dà yín láàmú ju dírágónì lọ, nítorí ti McElroy pàápàá kún fún un. Àmì E tàbí explicit lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ apá ni ìkìlọ̀. Call of Cthulhu kì í ṣe ti ọmọ kékeré, mi ò tilẹ̀ ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá ti gbọ́ ìtàn méjì tàbí mẹ́ta tán, yóò wù yín láti ṣe é. Ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast fi òfin ìpìlẹ̀ Dungeons & Dragons sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí dáìsì olójú ogún kò bá sì sí lọ́jà, ẹ tẹ "roll d20" sínú Google, á jù ú fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ lè kọ́kọ́ yọ dáìsì méjì nínú lúdò tó wà nílé, kí ẹ fi ṣe èyí tó ń lo 7 sí 9. Ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Ẹ wá ọmọ Ìyàgbà kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ kó ṣe adarí. Bí àwọn Owé bá ní kí ló dé tí kì í fi í ṣe tiwọn, ẹ ní kí wọ́n darí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.