Káńsù Ni Gbòǹgbò: Bí Ọ̀nà Ilé Aṣòfin Ireland Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù June ọdún 2007, àwọn káńsẹ́lọ̀ ìlú Portlaoise ní Ireland jókòó, wọ́n sì fi Rotimi Adebari jẹ méyọ̀ ìlú wọn. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Ọdún 2000 ló gúnlẹ̀ sí Ireland pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì, tó ń wá ibi ìsádi. Nígbà tó fi máa di 2004, àwọn ará Portlaoise ti dìbò fún un wọ káńsù, láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ ní Ireland. Inú wa dùn nígbà náà, a fi orúkọ rẹ̀ yangàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò béèrè ni ẹni tó la ilẹ̀kùn tó gbà wọlé.

Kí ó tó di 1898, kò sí káńsù káúńtì, ìyẹn káńsù fún ẹkùn ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ará ìgbèríko Ireland lè dìbò yàn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ni àṣẹ ilẹ̀ náà, àwọn ọlọ́lá onílẹ̀ ló sì ń ṣe àkóso abẹ́lé. Wọ́n a máa ṣa wọn jọ sínú ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní grand jury. Àwọn ni í sọ iye tí àgbẹ̀ máa san, àwọn náà ni í sọ títì tí wọ́n máa tún ṣe. Àgbẹ̀ ń sanwó, kò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Òfin ọdún 1898 ló gba àkóso yẹn kúrò lọ́wọ́ wọn. Gerald Balfour, akọ̀wé àgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Ireland, ló gbé e kalẹ̀. Ìrètí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé bí ará Ireland bá ti rí nǹkan díẹ̀ dì mú lọ́wọ́, ariwo pé kí wọ́n jẹ́ ká dá ìjọba ara wa ṣe yóò rọlẹ̀. Káúńtì kọ̀ọ̀kan wá ní káńsù, kéékèèké sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin kan láǹfààní láti dìbò, wọ́n sì lè jókòó ní káńsù kékeré, àmọ́ ó di 1911 kí wọ́n tó gbà wọ́n láyè sí ti káúńtì.

Ní April 1899 ni wọ́n dìbò káńsù káúńtì àkọ́kọ́. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò ló wọlé. Yàtọ̀ sí apá àríwá, agbára ọlọ́lá onílẹ̀ tán ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Omi tí Gẹ̀ẹ́sì bù láti fi pa iná wá di epo. Káńsù ni ọmọ ìlú ti kọ́ bí a ṣe ń darí ìpàdé, bí a ṣe ń ṣírò owó gbogbogbòò, àti bí a ṣe ń borí nínú àríyànjiyàn láì na ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo W. T. Cosgrave. Ilé ọtí ni bàbá rẹ̀ ní ní James's Street ní Dublin. Ní 1909 ó wọ káńsù Dublin láti wọ́ọ̀dù Usher's Quay, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Sinn Féin tí kò tíì lókìkí nígbà náà. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde tí wọ́n fi dojú kọ Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1916, káńsẹ́lọ̀ yìí wà lára àwọn tó gba South Dublin Union, ilé ńlá tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí, ní ọ̀nà James's Street tí wọ́n ti bí i gan-an. Wọ́n dájọ́ ikú fún un. Wọ́n yí i padà sí ẹ̀wọ̀n gbére, wọ́n sì tú u sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní August 1917 ó wọlé ìbò àfirọ́pò ní ìlú Kilkenny. Àwọn Sinn Féin ti sọ pé àwọn ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé aṣòfin London. Tiwọn ni wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀.

Wọ́n sì dá a sílẹ̀ lóòótọ́. Ọjọ́ 21 oṣù January 1919 ni Dáil kọ́kọ́ jókòó. Àpéjọ ni ìtumọ̀ Dáil ní èdè wọn. Ibo ni wọ́n jókòó sí? Mansion House, ilé tí méyọ̀ àgbà Dublin ń gbé. Nígbà tí orílẹ̀-èdè kò tíì ní ilé aṣòfin tirẹ̀, ilé káńsù ló gbà á lálejò. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n dìbò yàn kò lè wá, torí ẹ̀wọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà.

Ní April ọdún yẹn, wọ́n fi Cosgrave ṣe mínísítà fún ìjọba ìbílẹ̀. Ibí yìí ni mo ti máa ń dúró nínú ìtàn yìí. Ìjọba tí Gẹ̀ẹ́sì kò gbà pé ó wà, tó ń sá kiri, yan ẹni tó mọ iṣẹ́ káńsù láti inú wá. Àwọn tó fara mọ́ Dáil wá gba ọ̀pọ̀ káńsù nínú ìbò 1920, àwọn káńsù náà sì kọ̀wé pé Dáil làwọn mọ̀, àwọn ò dá ẹ̀ka ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Custom House lóhùn mọ́. Káńsù ló sọ ìjọba orí ìwé di ìjọba tòótọ́, torí ọwọ́ rẹ̀ ni títì, ilé ìwòsàn àti owó àwọn tálákà wà. Nígbà tó di 25 May 1921, àwọn ọmọ ogun òmìnira sun Custom House náà, ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ sì jóná mọ́ ọn. Ní 1922, lẹ́yìn tí Arthur Griffith àti Michael Collins, àwọn aṣáájú ìjọba tuntun náà, kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn, Cosgrave ló di olórí ìjọba. Ọdún 1932 ló tó kúrò níbẹ̀.

Ọ̀nà ìdìbò wọn pẹ̀lú, káńsù ló ti gòkè. Káńsù ìlú Sligo jẹ gbèsè títí ó fi fẹ́ dojú dé, àwọn tó ń san owó orí ilé sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún àwọn ní ọ̀nà ìdìbò míì tí ẹgbẹ́ kan kò fi ní gba gbogbo àga. Wọ́n fi í dìbò ní 15 January 1919, ọjọ́ mẹ́fà kí Dáil tó jókòó. Kò sí títẹ ìka. Olùdìbò á kọ 1 sí iwájú ẹni tó wù ú jù, á kọ 2 sí ìkejì, á máa kà á lọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹni àkọ́kọ́ rẹ bá já tàbí tí ìbò rẹ̀ bá ti pọ̀jù, ìbò rẹ á ṣí lọ bá ẹni kejì. Ní 1920 ó di ti gbogbo káńsù, lẹ́yìn náà ó wọ òfin orílẹ̀-èdè. Ìjọba béèrè lọ́wọ́ ará ìlú lẹ́ẹ̀mejì, ní 1959 àti 1968, pé ṣé kí wọ́n pa á tì. Wọ́n ní rárá lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ìdìbò yìí ló sọ káńsù di àkàbà. Agbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan ń yan aṣòfin mẹ́ta sí márùn-ún, nítorí náà ẹni tó ń bá ọ du àga lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ. Àsíá ẹgbẹ́ kò lè yà yín sọ́tọ̀. Ohun tó ń yà yín sọ́tọ̀ ni ẹni tó bá ìyá àgbà kan rí sí iná títì tó kú. Lọ́jọ́ ìkàbò, bí wọ́n ṣe ń tú àpótí sórí tábìlì gígùn, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú á fara ti irin tó pààlà, pẹ́ńsù lọ́wọ́, wọ́n á máa fi ojú ka nọ́ńbà 1 bó ṣe ń yọ. Tallymen ni wọ́n ń pè wọ́n. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò tirẹ̀, nítorí náà wọ́n á mọ òpópónà tó fẹ́ràn wọn àti èyí tó kọ̀yìn sí wọn, kí olùkàbò tó sọ̀rọ̀.

Agbára káńsù fúnra rẹ̀ dínkù o. Òfin ọdún 1940 kó ọ̀pọ̀ àṣẹ fún máníjà tí a kò dìbò yàn. Káńsẹ́lọ̀ wá di alágbàsọ: ó ń bá ará ìlú sọ ọ̀rọ̀ ilé, ó ń bá wọn lé fọ́ọ̀mù. Ẹni tí ẹ ti rí lẹ́nu ọ̀nà yín lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀yin náà á rántí orúkọ rẹ̀ nígbà tó bá du Dáil.

Nígbà yẹn, tó bá wọlé tán, kì í fi káńsù sílẹ̀. Àga méjì ló ń jókòó lé. Micheál Martin wọ káńsù Cork ní 1985, ó wọ Dáil ní 1989, ó sì jẹ méyọ̀ àgbà Cork ní 1992 nígbà tó ti jẹ́ aṣòfin. Òfin 2003 ló fòpin sí i: bẹ̀rẹ̀ láti ìbò 2004, ẹni tó bá wà ní Dáil kò gbọdọ̀ sí ní káńsù. Michael Ring, aṣòfin láti Mayo nígbà náà, gbé e lọ ilé ẹjọ́, kò sì borí.

Àga tó ṣófo kò béèrè ìbò tuntun. Ẹgbẹ́ tó ni ín ló máa ń fa ẹni tí yóò rọ́pò kalẹ̀, káńsù á sì gbà á wọlé. Ní Kerry, Danny Healy-Rae ló gba àga Jackie bàbá rẹ̀ ní 2003. Ìdílé wọn ṣì wà lórí rẹ̀ dòní. Èmi ò fara mọ́ kí àga káńsù máa dà bí oyè ìdílé, àmọ́ ọ̀nà yẹn kan náà ló gba ẹni tí kò ní bàbá nínú òṣèlú. Leo Varadkar, ọmọ dókítà tó ti India wá, du káńsù ní 1999 nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ dókítà, ó já. Wọ́n fà á wọlé bẹ́ẹ̀ ní 2003. Ní 2004, ìbò àkọ́kọ́ 4,894 ló ní, kò sí ẹni tó tó o ní gbogbo Ireland. Ó wọ Dáil ní 2007, ó sì di Taoiseach, olórí ìjọba, ní 2017.

Ilẹ̀kùn káńsù yìí náà ni Adebari gbà wọlé. Ní Ireland, ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ lè dìbò káńsù, ó sì lè du káńsù, ọmọ ilẹ̀ ibòmíì ìbáà jẹ́. Ní ti Dáil, olùdíje gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ní 2011 Adebari du Dáil ní Laois-Offaly, kò wọlé. Ní 2014 ìjọba pa káńsù ìlú 80 rẹ́, ti Portlaoise sì bá a lọ. Káńsù 31 ló kù, pẹ̀lú káńsẹ́lọ̀ 949.

Àwọn káńsẹ́lọ̀ kan nínú wọn, tí ará ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn ní June 2024, ti wà ní Dáil lẹ́yìn ìbò 29 November ọdún kan náà. Àwọn ẹgbẹ́ tún fa ẹlòmíràn kalẹ̀ sí àga wọn, àwọn yẹn sì ti ń kan ilẹ̀kùn.