Kádì ìkórè tó ń dán: tóńà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe gọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń múra kádì ìkórè sílẹ̀ fún October àti November, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa fọ́ìlì, ìyẹn ọ̀rá tó ń dán tá a fi ń ṣe ojú kádì lọ́ṣọ̀ọ́, torí òun ló ń ba owó àwọn èèyàn jẹ́ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ìlú tí wọ́n ti dá Seminary Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní 1898 la wà, ìkórè kì í ṣe nǹkan kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ kí kádì tiwọn dán, mo sì fẹ́ kó dán dáadáa.

Gbogbo ẹni tó bá rí iṣẹ́ mi ló máa ń béèrè pé gọ́ọ̀mù wo ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù kọ́. Tóńà ni, páúdà dúdú tó wà nínú maṣíìnì fọ́tòkópì àti prínńtà laser yẹn. Ike ló pọ̀ jù nínú páúdà yẹn, ooru ló ń yọ́ ọ kó tó dúró sórí ìwé, tẹ́ ẹ bá wá fi ooru kàn án lẹ́ẹ̀kejì á tún rọ̀, á máa lẹ̀, fọ́ìlì tó bá wà lórí ẹ̀ lásìkò yẹn á dì mọ́ ọn. Ibi tí ò bá sí tóńà, fọ́ìlì ò ní dúró níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí prínńtà inkjet, èyí tó ń lo yíǹkì olómi, ò fi lè ṣe é, bó ti wù kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tó.

Fọ́ìlì ọ̀hún náà, kì í ṣe góòlù, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń di ẹja sísun. Ti ẹja yẹn, alumínọ́ọ̀mù lásán ni, kò ní ohun tó máa jẹ́ kó bọ́ sórí ìwé. Tiwa yìí, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, wọ́n kun àwọ̀ sí i, wọ́n wá fi alumínọ́ọ̀mù tó tín-ín-rín gan-an sí abẹ́ àwọ̀ yẹn, àwọ̀ yẹ́lò yẹn la ń tipasẹ̀ ẹ̀ wo alumínọ́ọ̀mù tá a fi ń rí góòlù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ sọ pé èyí tí wọ́n ń lò pẹ̀lú tóńà lẹ fẹ́, torí èyí tó jẹ́ ti gọ́ọ̀mù náà wà lọ́jà, ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun kan náà.

Ẹni tí ò ní prínńtà, kó lọ sí Under-G lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkópì fáwọn ọmọ LAUTECH, kó sọ fún wọn pé dúdú kirikiri lòun fẹ́, kí wọ́n má fi tóńà ṣahun. Ìwé tí tóńà ẹ̀ bá ṣá, fọ́ìlì ẹ̀ náà á ṣá ni. Tóńà sì yàtọ̀ síra wọn o, òmíì wà tí fọ́ìlì ò gbà dáadáa, torí náà ẹ tẹ ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ dán an wò délé kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n tẹ ogójì.

Páálí gbọ́dọ̀ tẹ́jú kó sì dán. Èyí tí ara ẹ̀ rí gbágungbàgun yẹn rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́ìlì máa fo gbogbo kòtò inú ẹ̀. 250 sí 300 gsm (bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n bí ìwé ṣe wúwo tó) ló dáa fún kádì tó máa dá dúró lórí tábìlì, àmọ́ ọ̀pọ̀ prínńtà kékeré ò lè gbé ìyẹn mì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí èyí tó fẹ́lẹ́, ẹ fi fọ́ìlì sí i tán, kẹ́ ẹ tó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí tó nípọn. Ẹ sì kọ́kọ́ ra ẹnfilóòpù kẹ́ ẹ tó gé nǹkan kan. A4 tí wọ́n ṣẹ́ sí méjì á wọ C5, A5 tí wọ́n ṣẹ́ sí méjì á wọ C6.

Ní October òjò ò tíì dá, ìwé a máa mu omi látinú afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ẹ di páálí yín sínú ọ̀rá títí ọjọ́ iṣẹ́. Èyí tó bá ti lómi lára, tí ooru bá kàn án á ká kòrókòró, fọ́ìlì ẹ̀ á sì ní ihò wẹ́wẹ́. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku ló kù tẹ́ ẹ máa bá jà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá ojú ìwé náà.

Tó bá wá kan iṣẹ́ gan-an, ẹ tẹ́ fọ́ìlì lé ìwé tẹ́ ẹ ti tẹ̀, ojú aláwọ̀ ẹ̀ ló máa kọjú sí yín, ojú tí ò dán ló máa dojú kọ tóńà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń yí i padà, tí wọ́n á ní fọ́ìlì ò dáa. Ẹ fi ìwé lásán bò ó, ẹ fi sínú maṣíìnì tí wọ́n fi ń laminate, èyí tó ń fi ooru lẹ ọ̀rá mọ́ ìwé, ẹ gbé ooru ẹ̀ sókè bíi ti nǹkan tó nípọn. Tó bá jáde, ẹ fọwọ́ lérán, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kẹ́ ẹ tó rọra ká ọ̀rá yẹn kúrò láti igun kan. Tó bá kù síbì kan, ẹ fi fọ́ìlì tuntun lé e, kẹ́ ẹ tún un fi sínú maṣíìnì. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ò sí tóńà, ooru ti pọ̀ jù nìyẹn.

Áyọ́ọ̀nù oníná náà ń ṣe é, láìsí omi nínú ẹ̀, lórí pákó tó le, kì í ṣe lórí aṣọ tó rọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa lórí ìwé tẹ́ ẹ fi bò ó, ẹ má fà á síwá-sẹ́yìn. Áyọ́ọ̀nù eléèédú, mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ rárá, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ mọ bí ooru ẹ̀ ṣe tó.

Nípa àwòrán, èmi ò fẹ́ràn kádì tí góòlù bò látòkè délẹ̀. Ẹ jẹ́ kí nǹkan kan dán, kí ìyókù jẹ́ àwọ̀ jẹ́jẹ́. Ewé tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà ń yà sórí kádì ìdúpẹ́ wọn, ewé tó ń pọ́n tó ń rẹ̀ nígbà tí òtútù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni. Àwa náà ní irú ẹ̀, ẹ wo igi furúùtù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé ẹ̀ máa ń pọ́n bíi pé wọ́n kùn ún kó tó já. Ẹ ya ewé yẹn, ẹ fi fọ́ìlì aláwọ̀ bàbà sí iṣan ẹ̀ nìkan. Tàbí ṣírí àgbàdo, kí hóró ẹ̀ máa dán, kí háríhá jẹ́ àwọ̀ ewé lásán. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ gígùn ní fọ́ìlì, lẹ́tà wẹ́wẹ́ máa ń dí pọ̀. "Ẹ kú ìkórè" ti tó lójú kádì, orúkọ àti àdúrà, ẹ fi bírò kọ ọ́ sínú.

Ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sọ́mọ lókè òkun, ọjọ́ ìdúpẹ́ tiwọn kì í ṣe ọjọ́ kan náà: Monday kejì nínú October ni ti Kánádà, Thursday kẹrin nínú November sì ni ti Amẹ́ríkà, ti Kánádà lẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Ẹ tẹ́ ìwé fẹ́lẹ́ kan lé ojú fọ́ìlì náà kẹ́ ẹ tó fi sínú ẹnfilóòpù, torí yóò ha lójú ọ̀nà tí kò bá sí nǹkan láàárín.