Àwọn Wari Ló Kọ́kọ́ Ta Okùn Khipu ní Kókó, Kì í Ṣe Inca

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan khipu, okùn tí wọ́n ń ta ní kókó láti fi tọ́jú ìṣirò lórí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn Inca tó jọba níbẹ̀ kí àwọn ará Sípéènì tó dé nìkan ni gbogbo ẹnu máa ń dárúkọ. Wọ́n ń fi ẹ̀tọ́ àwọn Wari dù wọ́n.

Ìtòsí Ayacucho ní Peru ni olú-ìlú Wari wà. Láàárín nǹkan bí ọdún 600 sí 1000 ni wọ́n gbilẹ̀, nígbà tí Inca ò tíì jẹ́ nǹkan kan ní Cusco, tó padà di olú-ìlú wọn. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí khipu tiwọn. Àwọ̀ ló gba iwájú lára rẹ̀: fọ́nrán òwú aláràbarà ni wọ́n wé mọ́ àwọn okùn náà, kókó ibẹ̀ ò sì tò bíi ti Inca. Kò yà mí lẹ́nu, torí ọ̀gá ahunṣọ ni wọ́n. Ẹni tó mọ bí àwọ̀ ṣe ń tẹ̀lé àwọ̀ lára aṣọ kò ní pẹ́ rò ó pé èyí lè dúró fún àgbàdo, kí tọ̀hún dúró fún llama, ẹran ọ̀sìn orí òkè Andes. Bóyá darandaran kan ló tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tó ń ta kókó kan fún ẹran kan, kí ahunṣọ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ lọkàn tèmi lọ. Inca ṣáà jogún lára ọ̀nà tí Wari là. Kí ló máa ní kí wọ́n má jogún okùn?

Àwọn kan ní Caral, ìlú àtijọ́ kan ní Peru, ni khipu ti wá. Òwú tí wọ́n wé mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n rí níbẹ̀! Montesinos, àlùfáà Sípéènì, ní àwọn ará Andes ti ní lẹ́tà ìkọ̀wé rí kí ọba kan tó fòfin dè é. Àlọ́ nìyẹn.

Inca tún kókó khipu tò: ẹyọ nísàlẹ̀, ẹ̀wá lókè rẹ̀, ọgọ́rùn-ún lókè ìyẹn, àlàfo sì jẹ́ òdo. Àwọn olùtọ́jú tí wọ́n ń pè ní khipukamayuq ló ń tọ́jú rẹ̀. Ní 1533, Hernando Pizarro, ọ̀kan lára àwọn ará Sípéènì tó ṣẹ́gun Inca, kọ̀wé pé bí àwọn ṣe ń kó ẹrù nínú àká, àwọn olùtọ́jú ń tú kókó níhìn-ín, wọ́n ń ta á lọ́hùn-ún. Àwọn ará Sípéènì ń jà wọ́n lólè, síbẹ̀ àwọn olùtọ́jú ò jẹ́ kí ìṣirò dàrú!

Ní 1583, ìgbìmọ̀ ìjọ Kátólíìkì ní Lima ní kí wọ́n gba khipu tó jẹ mọ́ ìbọ̀rìṣà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Ní 1912, Leland Locke, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, túmọ̀ nọ́ńbà rẹ̀. Ní 2017, Sabine Hyland, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn, rí oríṣi àmì 95 lára khipu méjì tó wà ní San Juan de Collata, abúlé kan ní Peru, àwọ̀ àti irú irun ẹran sì wà lára ohun tó fi dá wọn mọ̀.