Ilé tó ń léfòó lórí omi: ìbéèrè táwọn ará Ìkòròdú ń bi mí nípa iṣẹ́ NLÉ

Gbogbo ìgbà tí omi bá ti wọlé lápá Majidun àti Ajegunle ní Ìkòròdú níbí làwọn èèyàn máa ń fi fọ́tò ilé ẹ̀kọ́ onígi kan ránṣẹ́ sí mi, ilé tó rí ṣóńṣó lókè, tó jókòó sórí omi ní Makoko, àdúgbò orí omi l'Ékòó, tí ilé iṣẹ́ ákítẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ NLÉ yà, torí wọ́n mọ̀ pé pílánì ilé ni mò ń yà. Àwọn kan rò pé idán ni. Àwọn míì ń bínú pé kí ló dé tí wọn ò kọ́ irú ẹ̀ fún àwa náà. Mo ti kó àwọn ìbéèrè tó ṣe kókó jọ síbí, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ta ló kọ́ ilé yẹn gan-an? Ṣé òyìnbó ni?

Rárá o, ọmọ Yorùbá ni. Kúnlé Adéyẹmí lorúkọ ẹ̀, Kàdúná ni wọ́n bí i sí, bàbá ẹ̀ náà ákítẹ́ẹ̀tì ni. UNILAG ló ti kàwé, lẹ́yìn náà ló lọ bá Rem Koolhaas, gbajúmọ̀ ákítẹ́ẹ̀tì kan, ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ OMA ní Netherlands fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó wá dá NLÉ tiẹ̀ sílẹ̀ ní 2010. Iṣẹ́ wọn ò mọ sórí omi nìkan, wọ́n ṣe ilé kékeré kan sí ọgbà Kensington ní London ní 2016 fún Serpentine, ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà kan níbẹ̀, wọ́n sì níṣẹ́ ní New York náà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìlú tó wà létí omi nílẹ̀ Áfríkà ló mú wọn lọ́kàn jù, torí àwọn ìlú tó ń tóbi kíákíá níbí, bí Èkó, etí omi ló pọ̀ jù nínú wọn, omi náà sì ń wá bá wa nínú ilé.

Báwo ni ilé á ṣe wà lórí omi tí ò ní rì?

Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì òfìfo, kí ẹ dé e pa dáadáa, kí ẹ wá gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi. Á máa ti ọwọ́ yín padà ni. Omi tí kẹ́ẹ̀gì yẹn lé kúrò láyè ẹ̀ ló ń gbé e sókè, bó bá sì ṣe lé omi tó ni omi á ṣe gbé e tó. Lítà omi kan, kílò kan ni, torí náà dírọ́ọ̀mù oníke tó ń gba lítà 200, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ rì tán, omi á fi agbára bíi kílò 200 tì í padà. Dírọ́ọ̀mù 256 ni wọ́n tò sábẹ́ ilé Makoko yẹn. Ká fi lítà 200 ṣírò ẹ̀, á jẹ́ kílò 51,200, ìyẹn lé ní ẹgbẹ̀rún àpò sìmẹ́ńtì. Pákó àti ọparun ni wọ́n sì fi kọ́lé, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé gbé.

Àmọ́ kí nǹkan má rì yàtọ̀ sí kó má dojú dé. Ibí yìí ni iṣẹ́ ákítẹ́ẹ̀tì wà. Ìsàlẹ̀ ilé yẹn fẹ̀ tó mítà 10 níbùú lóròó, ó ga tó mítà 10, ó sì ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sókè bíi lẹ́tà A. Àjà mẹ́ta ni: ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀ fáwọn ọmọ láti ṣeré, kíláàsì wà lókè ẹ̀, yàrá kékeré kan ló tún wà lókè pátápátá. Nígbà tí ẹrù bá pọ̀ sísàlẹ̀ tí òkè fúyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá ti ilé sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn dírọ́ọ̀mù ẹ̀gbẹ́ yẹn á wọ inú omi díẹ̀ sí i, omi á sì tì wọ́n padà, ilé á dúró ṣánṣán. Wọ́n tún gbé sólà sórí òrùlé, wọ́n ṣètò bí wọ́n á ṣe máa gbe omi òjò. Tí dírọ́ọ̀mù kan bá sì jò, àwọn tó kù á ṣì gbé ilé dúró títí wọ́n á fi pààrọ̀ ẹ̀. Èmi fẹ́ràn ibi yẹn gan-an nínú iṣẹ́ náà, pé nǹkan táwọn ará àdúgbò lè rí rà fúnra wọn ni wọ́n lò, àwọn ará Makoko gan-an ló sì kàn án.

Tó bá dáa tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi wó?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù rèé, mi ò sì fẹ́ ká sáré kọjá lórí ẹ̀. Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ yẹn ní 2013. Ní May 2016, ẹ̀dà kejì ẹ̀ tí wọ́n gbé lọ sí Venice ní Ítálì gba ẹ̀bùn Silver Lion níbi Biennale, ìpàtẹ àgbáyé àwọn ákítẹ́ẹ̀tì. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, June 7, òjò ńlá rọ̀ l'Ékòó, ti Makoko wó lulẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò séèyàn tó fara pa, torí wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ láti March. Ilé iṣẹ́ náà sọ pé ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi dánra wò ni, pé wọ́n ti dáwọ́ lílò ẹ̀ dúró kí wọ́n lè tún un ṣe. Àwọn tó ń lò ó ní tiwọn sọ pé ó ń mì jù tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé nǹkan tí omi ń ṣe sí ilé onígi, torí léfòó kọ́ ni wàhálà ẹ̀. Ilé orí ilẹ̀ dúró sójú kan, ẹrù ẹ̀ ń tẹ ìsàlẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Ilé orí omi ò sinmi rí. Ìgbì kékeré kan báyìí, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tó kọjá, gbogbo oríkèé igi ló máa fà, tó máa lọ́. Ìṣó á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀. Tí òjò bá dé igi á wú, tí ọyẹ́ bá dé igi á sún kì, ihò bọ́ọ̀tì, irin tí wọ́n fi so igi pọ̀ yẹn, á fẹ̀ sí i. Omi ọ̀sà wa tún máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ ń jẹ irin, kòkòrò inú omi iyọ̀ náà sì ń gbẹ́ igi látinú. Ẹ lọ wo òpó jẹ́tì onígi èyíkéyìí ní Baiyeku nígbà tí omi bá fà. Ẹ wo ibi tí omi ń kàn tó tún ń fi sílẹ̀, ibi tó dúdú tó ń yọ̀ yẹn, ẹ fi èékánná họ ọ́, á máa ṣí bọ́ sí yín lọ́wọ́, nígbà tí òkè tí oòrùn ń pa ṣì le koránkorán.

Torí náà, èrò tèmi ni pé ilé tó bá wà lórí omi, bí ọkọ̀ ojú omi ló yẹ kí wọ́n máa tọ́jú ẹ̀. Apẹja tó lọ́kọ̀ ò ní jẹ́ kí ọdún kan kọjá kó tó gbé e sórí ilẹ̀, kó dí i, kó kùn ún, kó pààrọ̀ pákó tó ti rà. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí àjọ òkèèrè fowó sí (UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àti àjọ Heinrich Böll ti Jámánì wà lára wọn), ta ló máa ra bọ́ọ̀tì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya fọ́tò tán? Olùkọ́ ni àbí bàálẹ̀? Ìjọba Èkó nígbà yẹn gan-an sọ pé ilé náà ò bófin mu. Ilé tí ìjọba ò tẹ́wọ́ gbà, ó ṣòro kó rí owó àtúnṣe gbà lọ́wọ́ ìjọba.

Ṣé wọn ò wá ti iṣẹ́ náà tì lẹ́yìn ìyẹn?

Wọn ò tì í. Wọ́n tún un yà, wọ́n ṣe é kó jẹ́ pé wọ́n á gé àwọn igi ẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n á kàn máa tò ó pọ̀ níbi tí wọ́n bá fẹ́ lò ó. Wọ́n gbé e dé Bruges ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 2018, ọdún yẹn náà ló dé Chengdu ní Ṣáínà. Ní 2021 wọ́n gbé mẹ́ta sójú omi ní Mindelo, ní Cape Verde, ọ̀kan gbọ̀ngàn eré, ọ̀kan sítúdíò tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, ọ̀kan ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan mímu. Inú mi dùn sí i, àmọ́ ó dùn mí náà, torí ọmọ Makoko ni wọ́n kọ́kọ́ ronú kàn, ibòmíì ni àtúnṣe ẹ̀ wá lọ.

Kí ló dé tá ò kàn da yanrìn sómi ká kọ́lé sórí ẹ̀, ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe káàkiri nìyẹn?

Torí omi tí ẹ bá lé kúrò níbì kan, ilé ẹlòmíì ló ń lọ. Odò Ògùn wá láti òkè lọ́hùn-ún, ó gba ẹ̀gbẹ́ Abẹ́òkúta, ó gba Isheri, apá ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ń wọ ọ̀sà. Oyan Dam tí wọ́n ṣí ní 1983 wà lórí odò tó ń ṣàn wọ inú ẹ̀. Tí òjò bá pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀ níbẹ̀ kó má baà ya dáàmù, omi yẹn sì nílò ibi gbalasa tó máa tẹ́ sí kó tó rọra wọ ọ̀sà. Irà àti àbàtà tó wà lápá Majidun àti Ajegunle, ibi tí omi máa ń tẹ́ sí nìyẹn. Ẹni tó dà yanrìn sí i ti gba ibùsùn omi, omi á wá lọ sùn sí pálọ̀ aládùúgbò. Ilé tiẹ̀ pàápàá ò bọ́, torí ẹrẹ̀ rírọ̀ ló wà lábẹ́ yanrìn yẹn, ó máa ń rì díẹ̀díẹ̀, ògiri á máa sán. Yanrìn ọ̀hún gan-an, inú ọ̀sà níbòmíì ni wọ́n ti fà á, ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ ti ba ibi táwọn apẹja ń dẹ àwọ̀n sí jẹ́.

Ilé tó ń léfòó ò lé omi fún ẹnikẹ́ni. Tí omi bá kún á gòkè, tó bá fà á sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn Ìlàjẹ àti Ègùn ti ń gbé lórí omi láti ọjọ́ pípẹ́, kí ni ákítẹ́ẹ̀tì fẹ́ kọ́ wọn?

Ó yẹ kó jẹ́ pé òun ló máa kọ́kọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn. NLÉ fúnra wọn sọ pé ìgbé ayé àwọn ará Makoko ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ilé orí òpó tí wọ́n ń kọ́ dáa, àmọ́ òpó ò lè gùn sí i, tí omi bá kún ju bí wọ́n ṣe rò ó lọ, inú ilé ló ń wọ̀. Ibi tí ilé tó ń léfòó ti lè ṣèrànwọ́ nìyẹn.

Ṣé ó máa ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú?

Níbi kan bẹ́ẹ̀ ni, níbi kan rárá. Àárín ọ̀sà gbalasa, mi ò gbà bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ òjò máa ń gbé ìgbì ńlá níbẹ̀, fẹ́rì ń sáré kọjá, koríko orí omi tó ń dá ọkọ̀ dúró yẹn náà á kóra jọ ti ilé títí okùn ìdákọ̀ró á fi já. Inú ọ̀nà omi tóóró bíi ti Majidun, ibi tí igi dá afẹ́fẹ́ dúró, ó ṣeé ṣe níbẹ̀.

Fún àwọn tó nílẹ̀ àmọ́ tí omi ń wá bá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọ̀nà míì wà. Ní Maasbommel ní Netherlands, wọ́n kọ́ àwọn ilé kan lẹ́bàá odò Maas tó jẹ́ pé wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n tí omi bá dé ilé á gòkè pẹ̀lú omi, òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò sì ní jẹ́ kó ṣàn lọ. Wọ́n ṣe páìpù omi àti wáyà iná wọn kó lè máa bá ilé lọ sókè. Èmi rò pé irú ìyẹn ló bá Ajegunle mu jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ṣaláńgá o. Ilé lè léfòó dáadáa kí ìgbẹ́ inú ẹ̀ máa ṣàn lọ bá ẹja tí a máa jẹ lọ́la. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé pílánì ilé orí omi wá, ibi tí ìgbẹ́ ń lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ ní kó fi hàn yín.

Ọ̀dọ̀ ta la ti máa gbàwé àṣẹ?

Ó ti pẹ́ tí ìjọba Èkó àti ìjọba àpapọ̀ ti ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ní January 2024, Supreme Court dájọ́ pé ìjọba àpapọ̀, nípasẹ̀ NIWA (àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi inú ilẹ̀) àti NIMASA (àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi), ló láṣẹ lórí ọ̀nà omi. Torí náà ẹ má gbára lé ìwé ìpínlẹ̀ tàbí ti kánsù nìkan.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n gbé owó fún ńkọ́, kí lẹ máa kọ́kọ́ kọ́?

Mi ò ní fi ilé gbígbé bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré ni, èyí tí aláboyún lè fi ọkọ̀ dé láti ìletò etí omi láìdúró de súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àjà kan péré, kó fẹ̀, kó má ga. Àwọn káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ni màá fi ṣe olórí iṣẹ́, torí wọ́n mọ ohun tí omi ń ṣe sí igi ju èmi lọ. Owó àtúnṣe máa wà nínú ìwé àdéhùn láti ọjọ́ kìíní, owó oṣù fún àwọn tó máa yẹ okùn, bọ́ọ̀tì àti dírọ́ọ̀mù wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò kí omi Oyan tó dé. Tí owó yẹn ò bá sí níbẹ̀, mi ò ní fọwọ́ sí i.