Ewé Akíntọ́lá: Kí Ló Dé Tí A Ń Ṣán An Tí Kì Í Tán?

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ilẹ̀ tí kò tíì kọ́ ní ẹ̀yìn Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Àkúrẹ́ ti bá ewé Akíntọ́lá pàdé, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni igbó tó máa ń ga ju orí èèyàn lọ láàárín ọdún kan tàbí méjì, tí iṣan mẹ́ta hàn gbangba lára ewé rẹ̀, tí ewé náà máa ń ta sánsán bí a bá rún un lọ́wọ́, tí òdòdó rẹ̀ sì máa ń funfun káàkiri ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nígbà ọyẹ́. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Chromolaena odorata. Àwọn ìbéèrè tí àwọn onílẹ̀ àti àgbẹ̀ máa ń bèèrè nípa rẹ̀ ni mo fẹ́ dáhùn níbí.

Níbo ló ti wá, kí sì ló dé tó fi ń jẹ́ orúkọ èèyàn?

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, láti Florida títí dé apá àríwá Ajẹntínà. Wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Íńdíà ní nǹkan bí ọdún 1840 sí 1850 nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀, ibẹ̀ ló sì gbà tàn ká Éṣíà. Ní nǹkan bí ọdún 1937 ló dé Nàìjíríà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é, nítorí pé irúgbìn rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka fún gbígbìn ní agbègbè Enugu. Nígbà tó fi máa bo ilẹ̀ Yorùbá, ìgbà ìṣèlú ni, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sì ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn títí di oṣù Kìíní ọdún 1966. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ewé náà, àwọn mìíràn sì ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Ẹ̀rí ni mo ka orúkọ yìí sí, nítorí ewéko tó bá ti bá àwọn baba ńlá wa gbé kò ní dúró de àwọn olóṣèlú kó tó ní orúkọ.

Kí ló dé tó fi máa ń ki sí i lẹ́yìn tí a bá ṣán an, tàbí tí a bá jó o?

Ìdí ni pé àdá àti iná kì í dé ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ìdí igi rẹ̀ tó wú sí ojú ilẹ̀ ló ń rú ẹ̀ka tuntun, bí a bá sì gé igi kan, ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè yọ láti ara kùkùté kan náà. Iná tilẹ̀ máa ń jó o kíkankíkan bó bá gbẹ, ṣùgbọ́n òkè nìkan ni iná ń jẹ. Àwọn igi kéékèèké mìíràn tó yẹ kó bò ó mọ́lẹ̀ ni iná náà ń pa, tí òun á sì kọ́kọ́ rúwé nígbà tí òjò bá rọ̀.

Ọ̀ràn kejì ni ti irúgbìn. Irúgbìn rẹ̀ tínrín, ó dúdú, ó ní irun funfun lórí tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e lọ, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àti irun ẹran. Láti oṣù Kejìlá lọ ló máa ń tanná, tí irúgbìn rẹ̀ á sì máa fò nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wá wo ìgbà tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣán ilẹ̀: ẹ̀ẹ̀rùn náà ni, nígbà tí a bá wálé ọdún tàbí tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́. Ẹni tó bá ṣán an nígbà náà ń gbọn irúgbìn sílẹ̀, ó ń fi ṣòkòtò rẹ̀ gbé e lọ sí ilẹ̀ mìíràn, ó sì ń ṣí ilẹ̀ sílẹ̀ fún oòrùn, oòrùn náà gan-an sì ni irúgbìn yìí ń fẹ́ kó tó hù dáadáa.

Ṣé kò wá wúlò rárá ni?

Ó wúlò, kò sì yẹ kí a purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi omi ewé rẹ̀ dá ẹ̀jẹ̀ dúró lójú ọgbẹ́. Àwọn àgbẹ̀ kan tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi, nítorí pé ó ń bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀, ewé rẹ̀ tó ń rẹ̀ sì ń jí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran ọ̀sìn kì í fẹ́ jẹ ẹ́, ó sì lè ṣe wọ́n ní jàǹbá bí wọ́n bá jẹ ẹ́. Òdòdó rẹ̀ tún ń fa tata alábàwọ́n tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ mọ́ra. Lójú tèmi, àgbẹ̀ tó ń padà sórí ilẹ̀ rẹ̀ lè fara dà á. Ẹni tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ tó sì lọ ń kó ìyọnu bá gbogbo àdúgbò ni.

Kí ni kí n ṣe sí i nínú ọgbà mi?

Ẹ tètè ṣe é kó tó tanná. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí ilẹ̀ rọ̀, ẹ fi ọwọ́ fa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, kí ẹ sì fi ọkọ́ wú ìdí àwọn tó ti dàgbà jáde pátápátá. Èyí tí ẹ kò bá ráyè wú, ó kéré tán, ẹ gé e kí oṣù Kọkànlá tó parí, kí ó má bàa so. Èyí tí kò tíì tanná lè di ajílẹ̀. Ẹ sá gbòǹgbò rẹ̀ sóòrùn kó gbẹ ná, nítorí ó lè tún hù bó bá kan ilẹ̀ tútù.

Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Ẹ gbin ẹ̀gúsí tàbí ànàmọ́ tó ń fà bo ilẹ̀, kí ẹ sì gbin igi tí yóò fún ilẹ̀ ní ìbòòji láìpẹ́. Ẹ máa padà wò ó fún ọdún mélòó kan, nítorí irúgbìn tó wà nínú ilẹ̀ kì í hù tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún ṣọ́ iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ já fún yín: irúgbìn máa ń bá a wọlé, nítorí náà ohun tó bá kọ́kọ́ hù lára òkìtì yẹn ni kí ẹ fà tu.

Inú igbó ọba ńkọ́, níbi tí ọkọ́ kò lè dé?

Ìbòòji ni ọ̀tá rẹ̀. Kì í rí ibi dúró lábẹ́ igbó kìjikìji tí ewé igi ti bo ojú ọ̀run. Ojú ọ̀nà, ibi tí wọ́n ti gé gẹdú àti etí oko ló ń gbà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo igbó ní láti dá igi gígé dúró, kí ó sì máa fa èyí tó bá hù sí etí ọ̀nà kó tó wọ inú. Ní Gánà, wọ́n tú àfòpiná kan sílẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ewé yìí, ó sì dín in kù ní àwọn ibì kan. Ẹni tó bá rò pé àgbẹ̀ nìkan ló ń ni lára, kí ó wo St Lucia ní Gúúsù Áfíríkà: ewé Akíntọ́lá ṣíji bo ibi tí ọ̀nì ń yé ẹyin sí, iyanrìn náà sì tutù débi tí àwọn onímọ̀ fi ń bẹ̀rù pé abo nìkan ni yóò máa pọ̀ jù nínú ọmọ ọ̀nì, nítorí pé bí iyanrìn bá ṣe gbóná tó ló ń pinnu akọ tàbí abo wọn.

Ṣé òun nìkan ni mo ní láti ṣọ́ra fún?

Rárá o. Ẹ̀wọ̀n adẹ́lẹ̀ tí a ń gbìn ṣe ọgbà nítorí òdòdó aláràbarà rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà bákan náà, ẹyẹ sì ń jẹ èso rẹ̀, tó ń lọ yàgbẹ́ irúgbìn rẹ̀ sínú igbó. Jogbo, èyí tí òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú rẹ̀ tò lọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, kò yàtọ̀. Kí ẹ tó ra òdòdó lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ bi í bóyá ó máa ń hù fúnra rẹ̀ níbi tí wọn kò gbìn ín sí. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.