Èlé Aláìdínkù: Gbèsè ń Kéré, Èlé Dúró Síbi Tó Wà

Bí ẹ bá jókòó ti òṣìṣẹ́ ilé ìyánilówó kéékèèké níbi tó ti ń ṣàlàyé fún àwọn ìyá ọlọ́jà, ẹ ó gbọ́ tí yóò sọ pé èlé àwọn jẹ́ ìdá 2 nínú 100 lóṣù, "fláàtì". Ìtumọ̀ "fláàtì" ni pé orí gbogbo owó tí a yá níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò èlé títí dé ìparí, bí gbèsè tilẹ̀ ń kéré. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ èlé tí ìyá náà yóò san di ìlọ́po méjì, síbẹ̀ òun gan-an ni wọn kì í túmọ̀ fún un.

Àwọn tó gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ pè é ní "èlé pẹlẹbẹ". N kò fara mọ́ ọn rárá. Ohun tí kò nípọn ni à ń pè ní pẹlẹbẹ, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ yóò rò pé èlé náà fúyẹ́, nígbà tó jẹ́ pé òun ló wúwo jù. Àwọn mìíràn ní "èlé ọgbọọgba". Èyí sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣini lọ́nà, nítorí ètò ìsanwó kejì, níbi tí èlé ti ń dínkù bí gbèsè ṣe ń dínkù, náà ṣeé pín kí iye tí à ń san lóṣooṣù dọ́gba. Kì í ṣe ìdọ́gba ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àwọn kan tún ń pè é ní "èlé ìwọ̀fà", èyí ló sì bí mi nínú jù. Lóòótọ́, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó ni èlé, iṣẹ́ náà kì í sì í dínkù, ṣùgbọ́n gbèsè náà kì í dínkù pẹ̀lú: gbogbo ojú owó, ìyẹn owó tí a yá gan-an láìka èlé, ló wà lọ́wọ́ ẹni tó yá a títí di ọjọ́ tí yóò kó o sílẹ̀. Ìyá ọlọ́jà tiwa ń dá ojú owó padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Orúkọ tí ìgboro fún irú owó bẹ́ẹ̀, gbọ́mú-lé-láńtà, sọ bí ó ṣe ń dunni, kò sọ ibi tí ìrora náà ti ń wá.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró lórí "èlé aláìdínkù", tí mo sì pe èkejì rẹ̀ ní "èlé adínkù". Orúkọ méjèèjì ń sọ ohun tí ẹni tó yá owó ní láti mọ̀: ṣé bí gbèsè mi ṣe ń dínkù ni èlé orí rẹ̀ yóò máa dínkù, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ẹ wò ó bí ẹni tó yá àga 120 lò fún ìsìn ìsọjí ọlọ́jọ́ 12, tó ń dá àga 10 padà lálaalẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹni tó ni àga ń gba owó àga 120 lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn tí àga 10 péré wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ yá 120,000 náírà fún oṣù 12, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 2 nínú 100 lóṣù. Lóṣooṣù, yóò dá 10,000 padà nínú ojú owó. Bí èlé bá jẹ́ aláìdínkù, 2,400 ni yóò máa san lé e láti oṣù kìíní títí dé ìkejìlá, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 28,800. Bí ó bá jẹ́ adínkù, yóò san 2,400 ní oṣù kìíní, 2,200 ní oṣù kejì, 2,000 ní oṣù kẹta, títí yóò fi di 200 ní oṣù tó kẹ́yìn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15,600. Ìdá 2 kan náà ni wọ́n pe méjèèjì, 13,200 náírà sì ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Ní oṣù kejìlá, 10,000 ló kù lọ́rùn ìyá náà, èlé 2,400 ni wọ́n sì gbà lórí rẹ̀, ìyẹn ìdá 24 nínú 100 fún oṣù kan. Ó tún burú sí i bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ yọ 12,000 sílẹ̀ ní ìfipamọ́ ọ̀ranyàn: 108,000 ló bọ́ sí i lọ́wọ́, 120,000 ni wọ́n ń ka èlé lé. Ì báà jẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń san án, ìlànà kan náà ni.

Báńkì Grameen, tó ń yá àwọn tálákà lówó kéékèèké, tí Muhammad Yunus dá sílẹ̀ ní Bangladesh, tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2006, gba ìdá 20 lọ́dún fún owó òwò, lọ́nà adínkù. Ilé ìyánilówó tó bá ń pariwo pé ìdá 12 péré ni tòun lọ́dún, lọ́nà aláìdínkù, èlé rẹ̀ ṣì wọ́n ju ti Grameen lọ, nítorí orí gbogbo owó tí a yá níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ títí dé ìparí. Ní Íńdíà, lẹ́yìn rògbòdìyàn gbèsè tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh ní 2010, báńkì àpapọ̀ ibẹ̀ fi òfin dé èlé irú owó yìí sí ìdá 26 lọ́dún ní 2011, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin náà pé orí gbèsè tó kù ni kí wọ́n ti máa ṣírò rẹ̀. Láìsí gbólóhùn kejì yìí, òfin náà ì bá má fi bẹ́ẹ̀ de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pọ̀ káàdì ìsanwó ni kò ya èlé sọ́tọ̀ kúrò lára ojú owó. Àpapọ̀ iye tí a san nìkan ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ náà kọ èlé oṣù kìíní àti ti oṣù tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí méjèèjì bá jẹ́ iye kan náà, aláìdínkù ni.