Ìwọ̀n ìtànṣán gámà lára mẹ́tàlì tí níútírọ́ọ̀nù kọlù

Ìwọ̀n ìtànṣán gámà lára mẹ́tàlì tí níútírọ́ọ̀nù kọlù ni iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ físíìsì fi ń mọ irú ìtànṣán gámà (ìmọ́lẹ̀ alágbára tí ojú kò lè rí) tó ń jáde, bó ti lágbára tó àti bó ti pọ̀ tó, nígbà tí níútírọ́ọ̀nù, eérún inú kókó átọ́mù tí kò ní iná mànàmáná, bá wọ inú irin, bàbà, alumíníọ́mù, òjé tàbí mẹ́tàlì mìíràn tí à ń lò lójoojúmọ́. Kókó átọ́mù kọ̀ọ̀kan ní iye agbára tirẹ̀ tó fi ń tú ìtànṣán yìí jáde, kì í sì í yí i padà. Bí ilà ojú ti ń fi ìdílé hàn ni gámà ń fi kókó átọ́mù hàn. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n dáadáa lè sọ ohun tó wà nínú mẹ́tàlì láì gé e, láì yọ́ ọ, láì da ásíìdì sí i. Ibi tí iṣẹ́ náà ti le ni pé àwọn mẹ́tàlì yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ tí ń wọn ìtànṣán, tábìlì tó gbé ẹ̀rọ dúró àti rọ́ọ̀dù inú ògiri yàrá. Nígbà tí níútírọ́ọ̀nù bá tú jáde, gbogbo wọn ló ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìtàn

James Chadwick ló ṣàwárí níútírọ́ọ̀nù ní Cambridge ní 1932. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, Enrico Fermi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í fi níútírọ́ọ̀nù lu ẹ́límẹ́ǹtì kan tẹ̀lé òmíràn. Ní oṣù kẹwàá 1934 ni wọ́n rí i pé bí níútírọ́ọ̀nù bá kọ́kọ́ gba inú páráfíìnì kọjá, ohun tó ń ṣe lára fàdákà máa ń pọ̀ sí i gan-an. Háídírójìn inú páráfíìnì ló ń gba eré lára rẹ̀, níútírọ́ọ̀nù tí eré rẹ̀ ti rọ̀ sì rọrùn fún kókó átọ́mù láti gbé mì. Ní 1936, George de Hevesy àti Hilde Levi ní Copenhagen lo ọ̀nà yìí láti dá àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tó ṣọ̀wọ́n mọ̀ láàárín ara wọn.

Ẹ̀rọ tó lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín gámà kan àti òmíràn pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Robert Hofstadter fi kírísítálì sodium iodide tí wọ́n fi thallium díẹ̀ sí hàn ayé ní 1948; jẹ́máníọ́mù tẹ̀lé e láwọn ọdún 1960. Iṣẹ́ ńlá kan tí àwọn onímọ̀ ṣì ń padà sí ni èyí tí àwọn ará Ìráàkì àti ará Soviet jọ ṣe nídìí ríákítọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pín kókó átọ́mù, tó sì ń tú níútírọ́ọ̀nù jáde) kan nítòsí Baghdad. Wọ́n fi níútírọ́ọ̀nù asáré lu ẹ́límẹ́ǹtì 76, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní Moscow ní 1978.

Bí ìtànṣán náà ṣe ń jáde

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ìgbémì. Níútírọ́ọ̀nù afẹ̀sọ̀rìn, ìyẹn èyí tí eré rẹ̀ ti rọ̀ dé nǹkan bí mítà 2,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ inú kókó irin-56 (56 ni iye eérún inú kókó náà), ó sì sọ ọ́ di irin-57. Agbára tó ṣẹ́kù lára kókó tuntun yìí jẹ́ nǹkan bí 7,646 keV (keV ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára ìtànṣán), ó sì gbọ́dọ̀ tú u dànù. Nígbà mìíràn gámà kan ṣoṣo ló ń kó gbogbo rẹ̀ jáde. Nígbà mìíràn wọ́n á pín in láàárín gámà méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ìlà (ìyẹn gámà tó ní iye agbára kan pàtó) 7,631 àti 7,646 keV fi jẹ́ àmì tí gbogbo onímọ̀ fi ń mọ irin. Bàbà ní 7,916 keV, níkẹ́lì ní nǹkan bí 8,999, alumíníọ́mù ní 7,724, òjé sì ní 7,368. Gámà tí ohun tó ń tú ìtànṣán lábẹ́lẹ̀ ilé wa ń gbé jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 2,615 keV, nítorí náà ibi tó ga ju iye yẹn lọ dá páropáro, ohun tí a bá sì rí níbẹ̀ ṣeé fọkàn tán.

Ọ̀nà kejì kò nílò kí kókó gbé níútírọ́ọ̀nù mì rárá. Níútírọ́ọ̀nù asáré kọlù ú, ó já díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kókó tó gbọ̀n jìgìjìgì náà yóò tú gámà jáde kó tó rọlẹ̀. Irin-56 ń tú 847 keV jáde báyìí, alumíníọ́mù ń tú 844, 1,014 àti 2,212 jáde, òjé-208 sì ń tú 2,615. Níútírọ́ọ̀nù tí agbára rẹ̀ kò bá tó nǹkan bí 860 keV kò lè mú kí irin-56 tú 847 yẹn jáde, bó ti wù kí ó pọ̀ tó.

Ọ̀nà kẹta ń pẹ́. Mẹ́tàlì náà á di ohun tó ń tú ìtànṣán fúnra rẹ̀, yóò sì máa bá a lọ lẹ́yìn tí níútírọ́ọ̀nù ti dáwọ́ dúró. Alumíníọ́mù-28 ń tú 1,779 keV, ìdajì rẹ̀ sì ń parẹ́ ní ìṣẹ́jú 2.24. Máńganíìsì-56 ń tú 847 keV, wákàtí 2.58 sì ni ti ìdajì tirẹ̀. Kí òǹkàwé kíyè sí 847 yìí: kì í ṣe pé ó ṣèèṣì bá ti irin mu. Máńganíìsì-56 ń di irin-56 nígbà tó bá ń parẹ́, kókó kan náà ló sì ń rọlẹ̀ nínú méjèèjì.

Bí mẹ́tàlì ṣe ń dáhùn kò dọ́gba. Oúnjẹ tí kókó kan lè jẹ nínú níútírọ́ọ̀nù ni wọ́n ń fi ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní barn kà: irin ní 2.56, bàbà 3.78, níkẹ́lì 4.49, alumíníọ́mù 0.231, òjé 0.171. Ká ní a gbé gíráàmù kọ̀ọ̀kan kalẹ̀, tí mílíọ̀nù kan níútírọ́ọ̀nù afẹ̀sọ̀rìn sì ń gba sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, irin á gbé nǹkan bí 27,600 mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bàbà nǹkan bí 35,800, alumíníọ́mù nǹkan bí 5,150, òjé nǹkan bí 500 péré. Ẹni tó ń wá òjé díẹ̀ nínú irin púpọ̀ ti mọ ohun tó dojú kọ.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n

Jẹ́máníọ́mù mímọ́ gaara ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Náítírójìn olómi, tí òtútù rẹ̀ tó 196 lábẹ́ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, ni wọ́n sábà máa fi ń tù ú. Bí gámà 1,332 keV bá wọ inú rẹ̀, ṣóńṣó tó máa yọ lórí àwòrán kì í fẹ̀ ju nǹkan bíi 2 keV lọ. Sodium iodide kò béèrè òtútù, owó rẹ̀ sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ṣóńṣó rẹ̀ ní 662 keV fẹ̀ tó nǹkan bí 46 keV. Ẹni tó bá fẹ́ ya 844 alumíníọ́mù sọ́tọ̀ kúrò lára 847 irin kò lè fi sodium iodide ṣe é. Méjèèjì yóò pàpọ̀ di òkè kan ṣoṣo.

Gámà tó lágbára púpọ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú kírísítálì, ó lè di ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti posítírọ́ọ̀nù (ìkejì ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí iná rẹ̀ jẹ́ òdìkejì), kí ìtànṣán 511 keV kan tàbí méjì sì sá jáde. Nítorí náà, 7,631 ti irin máa ń gbé ṣóńṣó méjì mìíràn wá, ọ̀kan ní 7,120, èkejì ní 6,609. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé mẹ́tàlì mẹ́ta ni òun rí.

Láti mọ iye gámà tó jáde ní tòótọ́, a gbọ́dọ̀ mọ iye tí ẹ̀rọ ń pàdánù, nípa fífi ohun tí a ti mọ gámà rẹ̀ dán an wò. Europium-152, tó ń tú ọ̀pọ̀ ìlà jáde láti 122 dé 1,408 keV, dára fún apá ìsàlẹ̀. Fún òkè, náítírójìn tó gbé níútírọ́ọ̀nù mì ni wọ́n ń lò, nítorí pé ìlà rẹ̀ dé 10,829 keV.

Ìtànṣán tí kì í ṣe ti mẹ́tàlì tí à ń wá

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Háídírójìn inú páráfíìnì tí a fi dẹ eré níútírọ́ọ̀nù ń tú 2,223 keV jáde ṣáá. Páìpù alumíníọ́mù tí wọ́n fi bo kírísítálì ń tú 1,779. Jẹ́máníọ́mù fúnra rẹ̀ ń gba níútírọ́ọ̀nù asáré lára, ó sì ń fi òkè méjì hàn nítòsí 596 àti 692 keV, tí apá ọ̀tún wọn na gbọọrọ nítorí pé agbára kókó tó tàkìtì ń dà pọ̀ mọ́ ti gámà. Bí èyí bá pẹ́, kírísítálì náà á bàjẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ á fẹ̀, a ó sì ní láti mú un gbóná kó tó padà sípò.

Òjé tí a tò yí ẹ̀rọ ká láti dáàbò bò ó kò dákẹ́. Níútírọ́ọ̀nù asáré ń fa 2,615 keV jáde lára rẹ̀, ìlà yìí kan náà sì ni thorium inú òkúta ń tú jáde nígbà tó bá ń parẹ́ di òjé-208. Bí àpẹẹrẹ, orí òkúta àtayébáyé, gíráníìtì àti àwọn ẹbí rẹ̀, ni Òṣogbo wà, òkúta bẹ́ẹ̀ sì ní thorium àti pọ̀tásíọ́mù nínú. 1,461 keV ni pọ̀tásíọ́mù ń tú. Yàrá tí a bá kọ́ níbẹ̀ yóò ti máa fi 2,615 hàn kí níútírọ́ọ̀nù kankan tó dé. Ẹni tí kò bá wọn yàrá náà lásán fún ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú lè ka thorium ògiri mọ́ òjé.

Orísun níútírọ́ọ̀nù náà lè bo ohun tí à ń wá mọ́lẹ̀. Orísun amẹríṣíọ́mù pẹ̀lú beryllium, tó wọ́pọ̀ ní yunifásítì, ń tú gámà 4,438 keV jáde láti ara kábọ́ọ̀nù-12 tó ń dá sílẹ̀. Ìlà yìí kan náà la nílò láti wá kábọ́ọ̀nù nínú irin, ó sì ṣòro láti yọ èyí tó wá láti ara irin kúrò lára èyí tó wá láti orísun.

Ọ̀nà àbáyọ tó ti pẹ́ jù ni kí a wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú mẹ́tàlì, lẹ́ẹ̀kan láìsí i, kí a sì yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Èyí kò pé tán, nítorí pé mẹ́tàlì náà ń fọ́n níútírọ́ọ̀nù ká sí ara ògiri nígbà tó bá wà níbẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù ni aago. Gámà ń rin 30 sẹ̀ǹtímítà ní ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, níútírọ́ọ̀nù 14 MeV (MeV kan jẹ́ 1,000 keV) sì ń rin nǹkan bí 5 péré láàárín àkókò yẹn. Bí a bá mọ ìgbà tí níútírọ́ọ̀nù gbéra, a lè mọ gámà tó wá láti ara mẹ́tàlì àti èyí tó wá láti ara ògiri tó jìnnà. Nínú ẹ̀rọ tó ń da deuterium àti tritium (oríṣi háídírójìn méjì tó wúwo) pọ̀, eérún álífà (kókó átọ́mù hílíọ́mù) tó bá níútírọ́ọ̀nù jáde ń lọ sí òdìkejì rẹ̀. Ẹni tó bá mú álífà náà ti mọ ìgbà tí níútírọ́ọ̀nù gbéra àti ọ̀nà tó gbà.

Ohun tí a fi dá níútírọ́ọ̀nù dúró náà ń fẹ́ ìrònú. Bóròn ń gbé e mì, ṣùgbọ́n ó ń tú 478 keV. Kádíámù ń tú 558. Lítíọ́mù-6 ń gbé e mì láìsí gámà, ìdí nìyí tí àwọn tó lówó rẹ̀ fi ń fi í ṣe ààbò tó súnmọ́ ẹ̀rọ jù lọ.

Òṣogbo

Òròkí ìlú aró jẹ́ ìlú mẹ́tàlì pẹ̀lú. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ tó ń yí irin di rọ́ọ̀dù sílẹ̀ níbẹ̀, bíi ti Jos àti Katsina, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀rọ mìíràn náà sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà. Asiru Olatunde, alágbẹ̀dẹ tí wọ́n bí ní Òṣogbo ní 1918, sì sọ pẹpẹ alumíníọ́mù àti bàbà di iṣẹ́ ọnà tí ayé mọ̀.

Ìwọ̀n gámà ní ohun tó lè sọ nípa irú ìlú báyìí. Rọ́ọ̀dù tí wọ́n yọ́ láti ara àlòkù irin sábà máa ń ní bàbà nínú, nítorí wáyà àti mọ́tò tó bá a wọ ilé ìyọ́rin. Bàbà yìí kò ṣeé yọ kúrò nígbà tí irin bá ti yọ́, bó bá sì pọ̀ jù, irin á máa sán nígbà tí wọ́n bá ń yí i ní gbígbóná. Ìlà 278 àti 7,916 keV lè fi í hàn láì bá rọ́ọ̀dù náà jẹ́. Iṣẹ́ ọnà kò gbọ́dọ̀ gba níútírọ́ọ̀nù púpọ̀, ṣùgbọ́n alumíníọ́mù jẹ́ mẹ́tàlì tó rọrùn nínú ọ̀rọ̀ yìí: lọ́dọ̀ níútírọ́ọ̀nù afẹ̀sọ̀rìn, ìtànṣán tó kù lára rẹ̀ kì í pẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ tó súnmọ́ Òṣogbo jù tó ní ẹ̀rọ ńlá ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀rọ 1.7 MV (mílíọ̀nù fólítì 1.7) tó wà níbẹ̀ ń fi prótọ́ọ̀nù lu ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò, ìtànṣán X ni wọ́n sì sábà máa ń kà lára rẹ̀. Ríákítọ̀ kan ṣoṣo tó wà ní Nàìjíríà, NIRR-1, wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì 2004, ní 2018 sì ni wọ́n pààrọ̀ epo uranium inú rẹ̀ sí èyí tí ìdá uranium-235 inú rẹ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé òkúta, erùpẹ̀, oúnjẹ àti mẹ́tàlì lọ láti fi níútírọ́ọ̀nù wá ohun tó wà nínú wọn.

Ààbò

Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkóso ohun tó ń tú ìtànṣán, tí wọ́n ń pè ní NNRA, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti ní orísun níútírọ́ọ̀nù. Omi, páráfíìnì tàbí kọnkéré nípọn ni wọ́n fi ń dá níútírọ́ọ̀nù dúró, òjé nìkan kò tó.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, mẹ́tàlì náà á dúró títí ìtànṣán rẹ̀ á fi lọ sílẹ̀. Bí a bá fi ìlọ́po mẹ́wàá àkókò ìdajì ṣe òdiwọ̀n, alumíníọ́mù-28 nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú 22. Máńganíìsì inú irin nílò nǹkan bí wákàtí 26, bàbà-64 nílò ọjọ́ márùn-ún àti díẹ̀. Alumíníọ́mù tó gba níútírọ́ọ̀nù asáré nílò ọjọ́ mẹ́fà àti díẹ̀, nítorí sódíọ́mù-24 tó dá sílẹ̀ nínú rẹ̀. Irin tí kòbọ́ọ̀tì díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, tó sì pẹ́ nídìí ríákítọ̀, ń di ohun tó ní kòbọ́ọ̀tì-60, tó ń tú 1,173 àti 1,332 keV, òun sì nílò nǹkan bí ọdún 53.